Ajá Kan, Ojúlé Méjìlá

Púpọ̀ nínú àwọn ilé tó wà ní Diobu ní Port Harcourt, láti Mile 1 títí dé Mile 3, kì í ṣe ilé tí ẹni tó kọ́ ọ ro ti ajá mọ́. Kí a sọ òótọ́, kò fi bẹ́ẹ̀ ro ti ènìyàn náà mọ́ ọn. Kọ́rídọ̀ kan la ilé já láàrin, yàrá mẹ́fà wà lápá ọ̀tún, mẹ́fà lápá òsì. Ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀ wà lẹ́yìn, ẹnu ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo ni gbogbo ará ilé sì ń pọn. Fésì-mì-áì-fésì-yù ni wọ́n ń pè é láti Èkó dé Port Harcourt. Yàrá kan nínú rẹ̀ lè má ju ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 12 lọ. Bẹ́ẹ̀dì á gba ìdajì, kọ́bọ́ọ̀dù àti fíríìjì á pín ìyókù, sítóòfù á wà lẹ́nu ọ̀nà. Inú irú yàrá yẹn ni àwọn kan ti ń sin Boerboel, Rottweiler, Alsatian, títí dórí Caucasian onírun púpọ̀.

Tí ẹ bá bi wọ́n léèrè ìdí, olè ni wọ́n máa kọ́kọ́ dárúkọ. Wọn kò jẹ̀bi. Àdúgbò tí ọjà, gáréèjì àti Ikwerre Road ti pàdé, tí èrò kì í dá níbẹ̀, olè kò ní ṣàìyà síbẹ̀. Àwọn mìíràn fẹ́ bí ọmọ ajá tà. Àwọn mìíràn, ajá ńlá kàn wù wọ́n ni, ìyẹn sì tó ìdí lójú tèmi. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ olè yẹn ni mo fẹ́ mú, nítorí òun ló ń da gbogbo nǹkan rú. Àwọn àgbà ní ajá kì í rorò kó ṣọ́ ojúlé méjì. Ojúlé méjìlá ló wà nínú ilé tí mo ń wí yìí. Ajá yín ń sùn lẹ́yìn ilẹ̀kùn kan péré nínú méjìlá, ẹni tó ń lọ pọnmi, ẹni tó ti ìṣọ́ òru dé láago mẹ́rin ìdájí, ọmọ tí wọ́n rán ní mágí, àlejò yàrá kẹsàn-án, gbogbo wọn ló máa gba iwájú rẹ̀ kọjá. Tí ẹ bá kọ́ ọ pé kó kórìíra ẹni tí kì í ṣe ará yàrá yín, gbogbo ilé lẹ kọ́ ọ láti kórìíra. Nítorí náà, kí a tó sọ̀rọ̀ àyè rárá, ọ̀rọ̀ ará ilé ló kọ́kọ́ wà nílẹ̀.

Àyè fúnra rẹ̀ kò le tó bí ènìyàn ṣe rò. Ajá tó ti dàgbà lè sùn tó wákàtí méjìlá sí mẹ́rìnlá lójúmọ́, ibi tó bá ti lè na ara kó sì yí padà tó o sùn. Wákàtí tó bá kù ló ń dá wàhálà sílẹ̀, ìyẹn sì wà lọ́wọ́ irú ajá tó jẹ́. Great Dane lè wọn kílò 50 sí 80, síbẹ̀ ó máa ń fara balẹ̀ nínú ilé ju Alsatian tó jẹ́ kílò 30 sí 40 lọ. Ẹ wo ìdílé tí oníkálukú ti wá. Ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin ará Jámánì kan, Max von Stephanitz, ló bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ àwọn tó ń sin Alsatian ní 1899, ajá tó lè da àgùntàn láti àárọ̀ dalẹ́ ló ń wá. Ẹ ti irú ajá bẹ́ẹ̀ mọ́ yàrá kan ní Mile 3, yóò wá iṣẹ́ ṣe fúnra rẹ̀, ìrọ̀rí yín ni yóò sì máa dà kiri. Boerboel jẹ́ ajá oko àwọn àgbẹ̀ Gúúsù Áfíríkà: irun rẹ̀ kúrú, kì í sáré kiri láìnídìí, ṣùgbọ́n ohun tó bá kà sí tirẹ̀, kì í jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn án, kọ́rídọ̀ sì lè wọ inú ìṣirò rẹ̀. Ẹni tí kò bá tíì tọ́ ajá kankan rí, kó má fi Boerboel bẹ̀rẹ̀.

Ti Caucasian, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ láìfi epo pa á: kò yẹ kó wà ní Mile 3. Orí òkè Caucasus, láàrin Òkun Dúdú àti Òkun Caspian, ni ilé rẹ̀, níbi tí yìnyín ti ń bọ́. Ìpele méjì ni irun tó fi bora. Ní Port Harcourt, ooru sábà máa ń wà láàrin 23 àti 32 lórí òṣùwọ̀n Celsius, afẹ́fẹ́ sì máa ń kún fún ọ̀rinrin tó bẹ́ẹ̀ tí aṣọ tí a sá láàárọ̀ ṣì lè tutù nírọ̀lẹ́. Ajá kì í làágùn bíi tiwa. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni òógùn díẹ̀ ti ń jáde. Mímí hẹlẹhẹlẹ ló fi ń tu ara rẹ̀ lára, kí omi ẹnu àti ahọ́n rẹ̀ lè gbẹ kó sì bá ooru lọ. Níbi tí afẹ́fẹ́ ti tutù rinrin, omi ẹnu náà kò ní tètè gbẹ. Tí NEPA bá wá mú iná lọ, tí fáànù dúró, tí fèrèsé kan ṣoṣo sì wà, ẹ̀yin náà ẹ mọ ohun tó kù. Ara ajá tó bá wà ní 38 sí 39 ni ara tó le. Tó bá kọjá 41, ẹ̀mí rẹ̀ ti wà nínú ewu. Omi lásán ni kí ẹ dà sí i níkùn, nítan àti lẹ́sẹ̀, kì í ṣe omi yìnyín, kí ẹ tan fáànù sí i bí iná bá wà, kí ẹ sì máa gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran. Èyí kan gbogbo ajá ńlá, kì í ṣe Caucasian nìkan.

Kí owó tó jáde lápò, ẹ lọ bá lándìlọ́ọ̀dù tàbí kíatékà. Ẹ má gbé ọmọ ajá wọlé lóru kí ẹ máa dúró pé ó dìgbà tó bá gbó. Ọmọ Boerboel ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ wọ inú báàgì, kò ní wọ inú báàgì lóṣù mẹ́fà. Lẹ́yìn lándìlọ́ọ̀dù, ẹ lọ láti yàrá dé yàrá. Ẹ béèrè ẹni tí ajá ti bù jẹ rí, ẹni tó lóyún, ẹni tó ní ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn, ẹni tó jẹ́ Mùsùlùmí tí kò ní fẹ́ kí itọ́ ajá kan aṣọ ìkírun òun. Ní ìlú ọba, ìjọba ló ń ṣe irú iṣẹ́ yìí: òfin 1991 ti ka irú àwọn ajá kan léèwọ̀ níbẹ̀, láti ọjọ́ 1 oṣù Kejì 2024 sì ni ẹni tí kò bá ní ìwé ìyọ̀ǹda kò ti gbọdọ̀ ní XL Bully ní England àti Wales. Ní Mile 3, àwọn ará ilé gan-an ni òfin. Wọ́n lè má kọ ìwé sí ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n wọ́n lè fi ẹran onímájèlé dá ẹjọ́ náà lálẹ́ ọjọ́ kan.

Ọ̀rọ̀ orúkọ náà wà níbẹ̀. Àwọn baba wa a máa fi orúkọ ajá sọ òkò ọ̀rọ̀ sí aládùúgbò, wọn á pe ajá ní Ẹ-sọ-tẹnu-yín tàbí Ayé-ń-wò-mí, wọn á wá máa pè é kíkankíkan níwájú ẹni tí wọ́n ní lọ́kàn. Nínú ilé oníyàrá méjìlá, ẹ jọ̀ọ́, Bingo ti tó. Orúkọ tí ọmọ Ikwerre, ọmọ Ìgbò, ọmọ Ogoni àti ọmọ Yorùbá inú ilé lè pè láìfa ẹnu ya ni ajá náà nílò, torí gbogbo wọn ló yẹ kó máa dá lóhùn.

Ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkẹrìnlá láyé ajá ni ọkàn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ jù. Ohun tó bá rí tí kò sì pa á lára nígbà yẹn, ohun ilé ni yóò kà á sí títí dalẹ́. Àsìkò yìí gan-an sì ni àrùn parvo ń pa ọmọ ajá: èébì, ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, kó tó ọjọ́ mélòó kan ó ti kú, Rottweiler sì wà lára àwọn tó ń yọ lẹ́nu jù. Abẹ́rẹ́ àjẹsára máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹfà sí ìkẹjọ, wọ́n á sì máa gún un lọ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin síra títí yóò fi tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlógún. Kí abẹ́rẹ́ tó pé, ẹ má jẹ́ kó fẹsẹ̀ tẹ gọ́tà tàbí etí ọjà. Ẹ máa gbé e sọ́wọ́. Ẹ gbé e jókòó ní bàràńdà, kó gbọ́ jẹnẹrétọ̀, odó, kéké, orin àìsùn ṣọ́ọ̀ṣì, kí àwọn ọmọ ilé máa fún un ní nǹkan jẹ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí obìnrin tó gbé ẹrù lórí kọjá, kí ọkùnrin onífìlà kọjá, kí ẹni tó ń tiro kọjá. Ajá tí kò bá rí nǹkan wọ̀nyí ní kékeré máa ń gbó wọn lágbà. Tí oṣù Kejìlá bá dé tí àwọn ọmọdé bẹ̀rẹ̀ sí í yìn báńgà, ẹ ó mọ̀ bóyá ẹ ṣe iṣẹ́ náà dáadáa.

Oúnjẹ ni owó ń bá lọ jù. Tí ẹ bá ń se é fúnra yín, ìdá 2 sí 3 nínú 100 ìwọ̀n ara ajá ni oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ máa ń tó. Fún ajá kílò 60, ẹ ṣírò kílò 1.2 sí 1.8, lójoojúmọ́, yálà owó oṣù wọlé tàbí kò wọlé. Ọjà Mile 3 kò jìnnà, orí ẹja, ìfun màlúù àti ẹ̀dọ̀ ni kí ẹ fi ti ìrẹsì lẹ́yìn. Ẹ̀bà nìkan á yó o, kò ní kọ́ ara rẹ̀. Ẹ má fún un ní ọbẹ̀ tó ṣẹ́kù, torí àlùbọ́sà inú rẹ̀ ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Egungun adìẹ sísè máa ń sán, ó sì lè gún ìfun. Ọ̀pọ̀ ló tún máa ń ra oògùn kálísíọ̀mù fún ọmọ ajá ńlá pé kí egungun rẹ̀ lè le. Ó lè ba egungun náà jẹ́ pátápátá, nítorí ara ọmọ ajá kò mọ bí yóò ṣe kọ èyí tó bá pọ̀ jù. Ajá ńlá gbọ́dọ̀ dàgbà díẹ̀díẹ̀, ó sì lè gba ọdún kan ààbọ̀ sí méjì kó tó pé tán. Ẹ má jẹ́ kó máa fò láti orí bẹ́ẹ̀dì tàbí kó máa sáré lórí táìlì tó ń yọ̀ kí oríkèé ìbàdí rẹ̀ tó gbó.

Ẹ pín oúnjẹ náà sí ẹ̀ẹ̀mejì, kí ajá sì sinmi tó wákàtí kan lẹ́yìn tó bá jẹun. Ìdí rẹ̀ ni pé àwọn ajá tí àyà wọn jìn, Great Dane ló ṣáájú, lè ní ikùn wíwú: afẹ́fẹ́ á kún inú àpòlùkù, àpòlùkù á yí po, ajá á máa pọ̀ ọ́ bí ẹni pé ó fẹ́ bì, nǹkan kan kò ní jáde. Láàrin wákàtí díẹ̀ ó lè kú, iṣẹ́ abẹ ló sì ń gbà á là. Láàárín òru ní Diobu, ta lẹ fẹ́ jí?

Ìjáde ni àyè tí yàrá kò ní. Ajá ńlá tó ń gbé yàrá kan gbọ́dọ̀ jáde ní ìdájí àti ní ìrọ̀lẹ́, lójoojúmọ́, kó rìn tó wákàtí kan lápapọ̀ ó kéré tán. Ti Alsatian ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lágogo márùn-ún ààbọ̀ sí mẹ́fà ààbọ̀, kí ọjà tó kún, ọ̀dà títì ṣì tutù. Lọ́sàn-án, ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọ̀dà náà, tí ẹ kò bá lè gbé ọwọ́ síbẹ̀ pẹ́, kò lè gbẹ́sẹ̀ síbẹ̀. Ẹ kó náílọ́ọ̀nù dání, ìgbẹ́ ajá kílò 60 kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fẹsẹ̀ ti sí gọ́tà kó máa lọ. Ẹ jẹ́ kó máa gbóòórùn nǹkan bí ẹ ti ń lọ. Imú ni ajá fi ń ka ìwé ìròyìn, ẹni tó bá ń fa ajá rẹ̀ pẹ̀rẹ̀pẹ̀rẹ̀ kọjá gbogbo òpó iná ti mú ìdajì ìgbádùn ìjáde náà kúrò. Tí ó bá rẹ̀ yín, ẹ tọ́jú ẹja gbígbẹ sí ibi mẹ́fà nínú yàrá kẹ́ ẹ ní kó wá a. Bí ẹ bá rí bó ṣe sùn lẹ́yìn rẹ̀, ẹnu á yà yín.

Òjò Port Harcourt kò kọ ọjọ́ ìjáde. Ó ju mìlímítà 2,000 lọ tó ń rọ̀ níbẹ̀ lọ́dún, èyí túmọ̀ sí pé ajá tútù yóò wọ yàrá yín lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ ní aṣọ ìnura tirẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ẹ gbẹ etí àti àárín ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, ibẹ̀ ni awọ ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. Ìdọ̀tí èéfín dúdú tó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ láti ojú ọ̀run lórí ìlú náà ní ìparí 2016 máa ń bá ẹsẹ̀ ajá wọlé, aṣọ ìnura kan náà ló ń gbà á. Ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì máa ń bó igunpá ajá tó wúwo, ẹ wá fóòmù àlòkù tó nípọn, ẹ fi tapólì wé e kó lè ṣe é fọ̀.

Eégbọn ni ọ̀tá tó ń gbé inú ilé gan-an. Kò fi mọ sí orí ajá. Ihò ara ògiri àti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló ń yé ẹyin sí, nínú ilé fésì-mì-áì-fésì-yù ó sì lè gba abẹ́ ilẹ̀kùn lọ kí yàrá kejì. Ó ń kó àrùn babesia ran ajá: ara gbígbóná, èrìgì funfun, ìtọ̀ tó dúdú bíi kọfí. Ìgbà tí ẹ bá rí ìtọ̀ yẹn, ẹ má dúró di ọjọ́ kejì. Ohun tí wọ́n ń ṣe ládùúgbò ni kí wọ́n da òtàpíàpíà tàbí Sniper sínú omi kí wọ́n fi wẹ ajá. Májèlé ni. Ajá á lá ara rẹ̀, ọmọdé á sì fọwọ́ pa á lára. NAFDAC ti fòfin de ìgò kékeré oògùn kòkòrò yẹn ní 2019 nítorí ewu rẹ̀ fún ènìyàn, kí la tún ń rò pé yóò ṣe fún ajá? Abẹ́rẹ́ ivermectin tí a rà lọ́jà, tí a fojú wọ̀n, náà ti pa ajá rí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ajá collie àti díẹ̀ nínú àwọn Alsatian, ara wọn kì í gbà á bó bá pọ̀. Kí dókítà ẹran wọn ajá náà, kó yan oògùn fún un.

Lórí dìgbòlugi, kò sí àríyànjiyàn. Nínú 100 ènìyàn tí àrùn náà mú, bíi 99 ló jẹ́ pé ajá ló kó o ràn wọ́n, ẹni tí àmì rẹ̀ bá sì ti hàn lára rẹ̀ kì í sábà yè. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ wà, iléeṣẹ́ ìwádìí ìṣègùn ẹran tó wà ní Vom ní Ìpínlẹ̀ Plateau láti 1924 ń ṣe é nílẹ̀ yìí. Ẹ gún ajá ní tirẹ̀ nígbà tó bá pé oṣù mẹ́ta, kí ẹ tún un ṣe lọ́dọọdún, kí ẹ sì fi káàdì náà síbi tí ẹ ti lè tètè rí i. Tó bá ṣèèṣì bu ẹnìkan jẹ, ẹ má bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀ ná. Ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, ẹ gbé onítọ̀hún lọ sílé ìwòsàn, ẹ san owó rẹ̀, ẹ sì so ajá mọ́lẹ̀ kí wọ́n ṣọ́ ọ fún ọjọ́ mẹ́wàá. Ìgbà yẹn ni ẹ̀bẹ̀ tó kàn.

Ariwo ló ń lé ọ̀pọ̀ ajá kúrò nílé, kì í ṣe gígé jẹ. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Trans Amadi lè jáde láago mẹ́fà ààbọ̀ kó má sì dé títí di méje alẹ́, ajá tó wà nínú yàrá á hu títí ohùn rẹ̀ á fi há. Ẹ fi díẹ̀díẹ̀ kọ́ ọ: ẹ jáde fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ wọlé láìkí i, lẹ́yìn náà mẹ́wàá, lẹ́yìn náà wákàtí kan. Ẹ bo ìsàlẹ̀ fèrèsé tó kọjú sí kọ́rídọ̀, ẹ fi rédíò sílẹ̀, ẹ fún un ní egungun màlúù tútù ńlá kan tí kò lè gbé mì. Kò sì sí ajá tó yẹ kó dá wà fún wákàtí méjìlá. Ìyá tó ń ta nǹkan níwájú ilé, tàbí akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó ní ọ̀sán òfo, lè mú un jáde lágogo kan, kí ẹ san owó fún un lóṣooṣù. Ẹ má so ó mọ́ ẹ̀yìnkùlé látàárọ̀ dalẹ́. Ajá tí ṣéènì ti di ayé rẹ̀, tí àwọn ọmọ ń fi igi tọ́ ọ, ibẹ̀ ló ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gé ènìyàn jẹ. Ìdí mìíràn tún wà. Ní apá Gúúsù-Gúúsù yìí, 404 ni ọ̀pọ̀ ń pe ẹran ajá, àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ kò sì kéré. N kò ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ajá kílò 60 tó wà ní ẹ̀yìnkùlé láìsí ẹnìkan nítòsí, owó gidi ni lójú ẹlòmíràn.

Ọdún wọn kì í pọ̀. Great Dane sábà máa ń lo ọdún 7 sí 10, Rottweiler bíi 9 tàbí 10, ìbàdí á sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n ṣáájú ìgbà náà. Ẹni tó ń gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kejì, kó bi ara rẹ̀ léèrè nísinsìnyí bí yóò ṣe gbé kílò 60 sọ̀kalẹ̀ lọ tọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́. Tí owó ilé bá sì tán, ọ̀pọ̀ ejẹ́ǹtì kò ní fi ilé han ẹni tó bá dárúkọ ajá ńlá. Lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ lándìlọ́ọ̀dù àná, pé ajá náà kò da ẹnikẹ́ni láàmú, máa ń ṣílẹ̀kùn ju owó lọ.

Kérésìmesì ló kù. Gbogbo Port Harcourt máa ń tú jáde lọ sílé, bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Ìbàdàn tàbí Èkó kò sì ní gba Boerboel, kódà tí ẹ bá san sííti méjì. Ẹni tí yóò di kọ́kọ́rọ́ yàrá mú gbọ́dọ̀ jẹ́ ará ilé tí kò ní rìnrìn àjò, tó ti ń bá ajá náà jáde fún bí oṣù kan, tó sì ti dá ṣílẹ̀kùn fún un nígbà tí ẹ kò sí nílé. Ẹ fi owó oúnjẹ, káàdì abẹ́rẹ́ àti nọ́ńbà dókítà ẹran sílẹ̀ fún un, kí ẹ sì sọ fún yàrá mọ́kànlá tó kù pé òun ni kí wọ́n pè.